Piriton Tí Kò Ní Ọjọ́ Lórí

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ta Piriton, oògùn ara yíyún, ládùúgbò wa, kí ẹ bá mi ṣe háà. Alhaja tó ni kẹ́mísì náà kì í gbé odidi káàdì lé èèyàn lọ́wọ́. Àlùmọ́gàjí ló máa fà yọ, á gé hóró mẹ́rin sínú ọ̀rá. Tó bá wá ku ti ìparí káàdì, níbi tí wọ́n tẹ ọjọ́ àti nọ́ńbà báàṣì sí, á kọ́kọ́ rẹ́ etí rẹ̀ dànù. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé!

Ìyá Ìbejì ní kó fi ọjọ́ han òun. Ẹ wá gbọ́ èébú. "Torí ara yíyún lásán, o fẹ́ sọ mí di ẹlẹ́wọ̀n?" Ta ló dárúkọ ẹ̀wọ̀n? Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹ̀wọ̀n o. Wọ́n tún ní ọmọ tó ń bá a tajà máa ń fi òwú àti spirit nu ara ìgò oògùn lálẹ́, kí ọjọ́ tó wà níbẹ̀ lè pa rẹ́. Èmi ò sí níbẹ̀, ohun tí mo gbọ́ ni mo ń sọ.

Àwa tó ń rà á ńkọ́? Obìnrin tó bá fẹ́ ra léèsì ní ọjà Balógun á nà án, á gbé e lọ síbi tí oòrùn wà, á tú ìdí rẹ̀ wò. Obìnrin yẹn kan náà á wọ mólúè, á ra oògùn imú dídí lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń pariwo, kò sì ní wò bóyá nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, wà lára páálí. Àwọn oògùn kan tilẹ̀ ní ojú fàdákà tí èèyàn lè ha, kó fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí 38353, kí èsì dé lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá ojúlówó ni. Ta ló ń ha á? Káàdì owó fóònù nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n ha.

Ti àwọn ọmọge tún burú ju ìyẹn lọ. Apetamin tí wọ́n ń mu kí ìdí lè yọ, ṣé wọ́n ka ara ìgò rẹ̀ rí? Cyproheptadine ló wà nínú rẹ̀, ọmọ ìyá Piriton, oògùn ohun tí ara kò gbà! Ebi tó ń pa wọ́n àti oorun tó ń kùn wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ló ti wá. Títí dé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń tà á ní kọ̀rọ̀, débi pé lọ́dún 2021, NHS, àjọ ìlera ìjọba ibẹ̀, ní kí Instagram lé àwọn tó ń polówó rẹ̀ kúrò. Ìtìjú dé òkè òkun.

Ẹ̀rín ti tán níbi tí mo ń bọ̀ yìí. Ní April 2024, NAFDAC kéde pé kí gbogbo ẹni tó bá ní Benylin Paediatric tí nọ́ńbà báàṣì rẹ̀ jẹ́ 329304 dá a padà. Oògùn ikọ́ àti ti ohun tí ara kò gbà fún ọmọdé ni. Wọ́n ní àyẹ̀wò àwọn rí diethylene glycol nínú rẹ̀, májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Májèlé kan náà ló wà nínú My Pikin, oògùn eyín ọmọ wẹ́wẹ́, lọ́dún 2008, tí ọmọ 84 fi kú. Nọ́ńbà báàṣì nìkan ni ìyá ọmọ lè fi mọ̀ bóyá ìgò tó wà nílé òun wà lára àwọn tí wọ́n ń wá. Nọ́ńbà yẹn kan náà ni Alhaja ń rẹ́ dànù nítorí èrè hóró mẹ́rin. Ojú ò tì í!

Ẹ̀yin ìyá, odidi káàdì ni kí ẹ béèrè, ìgò tí ìwé ara rẹ̀ pé ni kí ẹ gbà. Bí ẹni tó ń tà á bá ń bú yín, ẹ gba owó yín, kí ẹ jáde. NAFDAC ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀, ẹ lọ fi ẹjọ́ sùn níbẹ̀. Ẹ má ṣáà ti dárúkọ mi.