Ẹ Bẹ Ẹ̀yìn Alùpùpù Àwọn Bàbá Wò!

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ kí n ta yín lólobó, ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ mi o. Ẹ mọ Honda Gold Wing, alùpùpù ràgàjì tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń rin ìrìn àjò láti ìpínlẹ̀ kan dé èkejì? GL1800 tí wọ́n gbé jáde ní 2001, sílíńdà mẹ́fà ló ní, ó wúwo tó bíi 400 kìlógíráàmù. Kì í ṣe ọmọ ìta ló ń gùn ún o. Àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ẹni iyì, tí ìyàwó ń jókòó sẹ́yìn wọn.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo táyà ẹ̀yìn. Yéè! Táyà ọkọ̀ ni! Iwájú ń lo ti alùpùpù, ó ń ṣe bí ọmọlúàbí. Ẹ̀yìn, níbi tó yẹ kí 180/60R16 ti alùpùpù wà, 195/55R16 ti ọkọ̀ ni wọ́n kì bọ̀ ọ́, bí ẹni wọ agbádá tó fi bọ́ọ̀tù òjò sẹ́sẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ìgbà yìnyín, wọ́n ń gùn ún nínú oòrùn. Àwọn tọ́rọ̀ tiwọn ti kọjá àtúnṣe á tún gbé táyà ẹ̀yìn alùpùpù sí iwájú, wọ́n á sì yí ojú ẹ̀ sódì!

Ojú ò tì wọ́n. "Darksiders" ni wọ́n ń pe ara wọn, inú fíìmù Star Wars ni wọ́n ti yá a, wọ́n tún ń wàásù fẹ́ni tí kò tíì bá wọn ṣe é.

Kí ló fà á? Owó ni! Wọ́n ní bíi 10,000 máìlì ni ti alùpùpù fi ń pá, pé ti ọkọ̀ ń rìn ju 30,000 lọ. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn: lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ, ó ń gbé ẹrù dáadáa, irú èyí tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ le kì í sì í dẹ̀ wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ìṣó bá gún un.

Ṣùgbọ́n alùpùpù gbọ́dọ̀ dẹ̀gbẹ́ kó tó yà, ìdí nìyẹn tí táyà ẹ̀ fi ṣe roboto. Ti ọkọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó bá dé kọ́nà, etí kan ló ń dúró lé. Táyà ń fẹ́ nàró, bàbá ń fi agbára ti hándù. Etí tó ń wọnú ríìmù pàápàá, wọn ò ṣe é fún ríìmù alùpùpù. Ẹni tó bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè jókòó sínú ríìmù lè fẹ́ ẹ jù, kó bẹ́ mọ́ ọn lójú. Àwọn tó ń ṣe táyà ń kìlọ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í bá wọn fi í sí i. Bàbá á gbé e wálé, á tilẹ̀kùn gáréèjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin ki táyà bọ ríìmù fúnra ẹ̀. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kì í dẹ̀gbẹ́ lè lo ti ọkọ̀, ta ló bá ìyẹn wí?

Ìyàwó ló ń ṣe mí láàánú. Ó dé akoto, ó di ọkọ ẹ̀ mú pinpin, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n fi òun dán táyà wò. Ẹni tó lówó ra Gold Wing, tó wá ń ṣahun owó táyà lórí ẹ̀mí ìyàwó ẹ̀, ẹ jẹ́ kó bú mi: ahun ni.