Àṣírí ni Kíkó Lọ, Àríyá ni Ìṣílé

Ohun méjì ni kì í dájọ́ fúnni ní Ọ̀fà: ikú, àti alájọgbé tó fẹ́ kó kúrò nílé. Ẹ ó kí ara yín pé ó dàárọ̀, ìyàwó rẹ̀ á wá tọrọ iyọ̀, ẹ ó sì jọ bú àwọn tí kò mú iná wá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yàrá méjì àti pálọ̀ ti ṣófo. Kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn àti ìgbálẹ̀ tó ti kú tán ló ṣẹ́ kù lára gbogbo ọdún tí ẹ fi jọ gbé. Ẹ wá pàdé rẹ̀ ní ọjà Ọ̀wọ̀dé lọ́sẹ̀ kejì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà mọ bí ayé ṣe rí." Ayé tó ń wí yẹn, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá a mú ọmọ rẹ̀ wálé láti ilé ìwé ni.

Ẹ fara balẹ̀. Oṣù mẹ́ta ò ní í pé tí káàdì á fi dé, lẹ́tà wúrà ń kọ mànà lára rẹ̀: wọ́n fẹ́ ṣílé. Aṣọ ẹbí wà, oríṣi méjì, ti ẹbí ọkọ àti ti ẹbí ìyàwó. Alásè ti gba àsansílẹ̀. Olórin fújì ti gba tirẹ̀. Wọ́n ti tẹ orúkọ sára abọ́ oníke tí àlejò yóò gbé lọlé. Ìgbìmọ̀ oúnjẹ wà, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́rìndòdò wà, ìgbìmọ̀ kánópì àti àga náà ò gbẹ́yìn. Ẹ yí káàdì náà sẹ́yìn: wọ́n ya àwòrán ọ̀nà síbẹ̀, láti ibùdó reluwé títí dé ẹnu géètì. Ilé tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ awo lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn!

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé a ò mọ ètò ṣe. A mọ̀ ọ́n ṣe ju bó ti yẹ lọ. Ọjọ́ tí ẹrù bá wà nílẹ̀ nìkan ni a kì í lò ó.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe ti ẹrù. Baálé ilé á kọ́kọ́ wá ọjọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ ààfáà, ó béèrè lọ́wọ́ wòlíì ìyàwó rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà di ìjà ẹbí, ó sì tún fi tó ìyá àgbà létí, nítorí ọmọ kì í gbàgbé ilé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ríran, wọ́n fẹnu kò sí òru Ọjọ́bọ̀. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni awakọ̀.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ọkọ̀ Canter kan ṣoṣo ni wọ́n rí, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já sìmẹ́ǹtì. Ìyẹ̀fun sìmẹ́ǹtì ṣì wà nílẹ̀ ọkọ̀, orí rẹ̀ náà ni wọ́n sì gbé tìmùtìmù lé. Tápólì ò sí, oṣù Kẹsàn-án sì ni. Ẹni tó bá mọ òjò Ọ̀fà á ti mọ ohun tí omi òun sìmẹ́ǹtì ń dà lára tìmùtìmù bí ilẹ̀ bá mọ́. Awakọ̀ dá iye. Ó rí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tún iye náà dá. Ó rí jẹnẹrétọ̀, ó ní kí wọ́n lọ wá awakọ̀ mìíràn. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí awakọ̀ mìíràn láago mọ́kànlá òru? Wọ́n san án.

Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn tó ìròyìn lọ́tọ̀. Inú yàrá ni káfíńtà ti kàn án lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó, kò gba ẹnu ọ̀nà kọjá rí láyé rẹ̀. Téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ ẹbí ìbá ti sọ òtítọ́ fún wọn kíá, ṣùgbọ́n ìlú tó fi ìjàkadì ṣe orò kì í fi téèpù wọn alátakò. Ọkùnrin mẹ́rin dì í mú. Ó dá wọn lẹ́ẹ̀kínní, ó dá wọn lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n pèrun àsùbáà, wọ́n fi ayùn gé e lẹ́sẹ̀. Orí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ló dúró sí báyìí nílé tuntun, wọ́n fi aṣọ bò ó nísàlẹ̀ kí àlejò ìṣílé má baà rí i.

Dídì ẹrù ńkọ́? Ìyàwó nìkan ni wọ́n fi í lé lọ́wọ́, nítorí bó bá pe àwọn àbúrò rẹ̀ wá ràn án lọ́wọ́, ìròyìn á ti dé Ẹ̀rìn-Ilé kí wọ́n tó di àwo kejì. Àṣírí ò sì jẹ́ kó lọ tọrọ páálí nílé ìtajà àdúgbò. Ohun tí ọwọ́ bá ṣáà ti bà, inú àpò ló ń lọ: iyọ̀ wọ inú bàtà, ìwé ilẹ̀ wọ inú ìkòkò, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá àgbà wọ abẹ́ odó. Wọn ò kọ nǹkan kan sára àpò kankan, bóyá kí àjẹ́ má baà rí i kà.

Wọ́n dé ilé tuntun, iná ò sí. Ẹnì kan ń wá ìṣáná, ẹnì kan ń wá ẹní, bàbá àgbà ń béèrè oògùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń le sí i. Ohun kan tó wà ní àrọ́wọ́tó ni àpò ànàmọ́, nítorí ilé Ọ̀fà kì í wà láìsí i, òun ló sì kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ànàmọ́ wà, ìkòkò ò sí, ọ̀bẹ ò sí, sítóòfù ò sí. Búrẹ́dì ni wọ́n jẹ sùn. Báàgì kékeré kan tí ìṣáná, oògùn, ìwé pàtàkì, ọṣẹ, ọ̀bẹ, ìkòkò kan àti aṣọ àwọ̀sùn wà nínú rẹ̀, tí wọ́n gbé sọ́kọ̀ kẹ́yìn kí ó lè kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ìbá ti kó wọn yọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń ro ti báàgì kékeré nígbà tó ń sá fún ọ̀tá ńlá?

Ẹ jẹ́ ká wo ilé náà fúnra rẹ̀. Oṣù Keje ni wọ́n gbẹ́ kànga, omi yọ ní kíákíá, gbogbo ayé yọ̀. Ẹnikẹ́ni ò béèrè pé kí ló máa kù níbẹ̀ nínú oṣù Kejì. Wọn ò tíì tọrọ mítà. Àmọ́ kọ́ńkéré iwájú ilé fẹ̀ tó kánópì mẹ́rin, bírikilà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ayálégbé tó ń kó láti yàrá sí yàrá ò sì gbọ́n ju onílé yìí lọ. Kì í yọjú wo mítà bóyá ẹni tó kúrò níbẹ̀ fi gbèsè sílẹ̀ fún un; owó ọdún méjì, àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù ló ń kà lé ejẹ́ǹtì lọ́wọ́. Láti 1992 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá Pólì sílẹ̀ níbí, ejẹ́ǹtì mọ̀ pé yàrá kì í ṣófo pẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló wà lẹ́yìn oníbéèrè. Ní Èkó, òfin ọdún 2011 ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà wà nínú ìwé, ara rẹ̀ le, ó ń sinmi.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí dun ni ni pé ìran akẹ́rù ni wá. Ọlálọ́mi, ọmọ aládé láti Ọ̀yọ́, kò tẹ ibi tí a wà yìí dó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìtàn àwọn baba wa ní ó dúró níbòmíràn kí àwọn ènìyàn rẹ̀ tó kó wá síhìn-ín. Nígbà tí ogun Ìlọrin, lábẹ́ Balógun Karara, fọ́ ìlú yìí ní nǹkan bí 1890, àwọn baba ńlá wa fọ́n ká, wọ́n sì tún kó padà wá tún un kọ́. Reluwé dé ní nǹkan bí 1908, ọmọ Ọ̀fà sì gbé ẹrù rẹ̀ gba Òkè Ọya lọ.

Ẹ ó rántí ti Gáánà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjòjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó lọ gbà á, tàbí kó jáde, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìlọrin, ará Ìnísà, ará Ọ̀fà. Ẹlòmíràn ti ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti bímọ síbẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, wọ́n ta èyí tó ṣeé tà, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n ka ọmọ wọn, wọ́n sì kó gba Tógò àti Dàhòmì wálé. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari náà fún àwọn àjòjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ará Gáánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àpò Ghana-must-go tí wọ́n fi kó lọ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbogbo wa títí dòní. Àwọn tí wọ́n lé bí ajá rí ọ̀sẹ̀ méjì fi di ẹrù. Àwa tí ẹnikẹ́ni ò lé, òru ọjọ́ kan là ń fi ṣe é.

Ẹ má sì jẹ́ ká fi Abuja yangàn. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba Murtala kéde pé olú ìlú yóò kúrò ní Èkó. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba Babangida tó kó wọ Abuja. Ó lé ní ọdún 15, ìgbìmọ̀ jókòó, ìwé ètò wà. Síbẹ̀, wọ́n fi Sẹkitéríàtì Ìkòyí, ilé gogoro, sílẹ̀ kó máa ṣófo lọ, bí ayálégbé tó fi àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ fún onílé.

Ní Quebec, ní Kánádà, ọjọ́ 1 oṣù Keje ni àdéhùn ilé tó pọ̀ jù ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, fíríìjì àti bẹ́ẹ̀dì á kún ojú pópó, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ á wá bá ẹni tó ń kó lọ gbé ẹrù, òun náà á sì fi písà àti bíà dá wọn lóhùn. Ojúmọmọ ni, ojú gbogbo ayé ni. Mi ò tíì gbọ́ pé àjẹ́ Quebec pa wọ́n tán.

Àbá mi kò le. Gbogbo ohun tí ìkólọ ń fẹ́ wà lọ́wọ́ wa, ibi àríyá la ń ná an sí. Kí a gba alága ìdúró àti alága ìjókòó. Kí alága ìdúró dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé àtijọ́ pẹ̀lú ìwé àti bírò, kó máa kọ ohun tó ń jáde. Kí alága ìjókòó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé tuntun, kó máa fi ìwé tirẹ̀ yẹ ohun tó ń wọlé wò. Páálí tí a ò bá kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti yàrá tó ń lọ sí i lára, kó sanwó kó tó wọlé. Gbogbo ẹrù ló lè dọ̀bálẹ̀ kí ìyàwó ilé, àfi fíríìjì: ìdúró là ń gbé e, bó bá sì wọlé, kí a jẹ́ kó sinmi fún wákàtí mélòó kan ká tó tan án. Kí awakọ̀ gba àsansílẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí olórin fújì ń gba tirẹ̀. Kí ìrẹsì inú kúlà dé ilé tuntun ṣáájú ẹrù. Ní ti abọ́ oníke tí a tẹ orúkọ sí, ẹni tó gbé odó ló tọ́ sí, kì í ṣe ẹni tó wá jẹ ẹran.

Mo mọ èsì yín: ọ̀tá wà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀tá náà ni ẹ fi káàdì ìṣílé ránṣẹ́ sí, tòun ti àwòrán ọ̀nà. Ẹ tún ta aṣọ ẹbí fún un, ẹ sì bá a jiyàn nítorí pé kò tètè sanwó.

Bí èyí ò bá wọ̀ yín létí, ẹ ro ti fijilanté. Iṣẹ́ wọn ni láti dá ọkọ̀ tó kún fún tẹlifíṣọ̀n àti tìmùtìmù dúró lóru. Wọ́n á bi yín pé ta ló lè jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ lẹrù. Gbogbo ẹni tó lè jẹ́rìí ń hanrun nínú ilé tí ẹ yọ́ kúrò, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì rí i dájú pé wọn ò ní í jí.