Olówó Ní í Jó O

Òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Báyìí làwọn àgbà wí, mi ò sì tó ẹni tí í bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n ó hàn pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò dé òde ìyàwó kankan ní Ọjà-Ọba Ìlọrin láyé tiwa yìí. Ká ní ó dé bẹ̀ ni, tó rí bí náírà ṣe ń fò lókè orí olórin, ì bá ti tún un pa: olówó ní í jó o, EFCC ní í mọ̀ ọ́n.

Jìtá báàsì niṣẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kọ́ èjìká, ó pẹ́ débi pé èjìká òsì mi ti rẹlẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Mo ti ta á fún ẹlẹ́gbẹ́ jùjú, mo ti ta á fún oní-háílàìfù nínú òtẹ́ẹ̀lì, mo sì ta á fún onífújì lẹ́yìn táwọn onífújì náà gbà pé ìlù nìkan ò tó mọ́. Ní báyìí, òde wọ́lìmọ̀ ló pọ̀ jù fún wa ní Ìlọrin. Àwọn olórin Ìsìláàmù tó ń kọrin níbẹ̀ náà ti ń kó píánò àti jìtá rìn. Táwa eléré bá pàdé ara wa, a kì í kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ilé. “Ṣé òde wà?” la máa ń béèrè. Bí òde bá ti wà, àlàáfíà wà nìyẹn.

Kí jìtá báàsì tó dé, àgídìgbo ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá. Lábẹ́ gángan tó ń sọ̀rọ̀, lábẹ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohun kan tó ń kùn, tí kì í kánjú yí ohùn padà. Àpótí pákó ni. Wọ́n kan ahọ́n irin mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́ ọn lójú, ìka ni wọ́n fi ń ta á, wọ́n a sì máa gbá ara àpótí náà. Gángan ló ń ki olówó. Àgídìgbo kì í ki ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ olówó yóò gbà ló ń là. Ní àwọn ọdún 1950, ẹgbẹ́ háílàìfù ìlú Èkó, irú ti Bobby Benson àti Victor Ọláìyá, ń lo báàsì onígi gàgàrà tó ń gba àyè èèyàn méjì nínú ọkọ̀. Ọdún 1951 ni Leo Fender, ará California kan tó ti ń tún rédíò ṣe tẹ́lẹ̀, gbé báàsì oníná tirẹ̀ jáde: okùn mẹ́rin, ó ṣe é gbé kọ́ èjìká, ó sì ṣe é tì bọ àpò.

Okùn mẹ́rin yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Níbi tá a ti ń to irinṣẹ́ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà-Ọba lọ́jọ́ kan, Àlàájà kan tó ń ta ata wá dúró tì wá. Ó ka okùn ara jìtá ẹnì kejì mi, ó wá ka tèmi.

“Ọmọ mi, ti ẹnì kejì rẹ jẹ́ mẹ́fà. Méjì tó kù lára tìẹ ńkọ́? Ṣé o tà á ni?”

“Rárá o, ìyá mi. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.”

“Ọlọ́run á pèsè èyí tó kù.”

Mo ṣe àmín. Kí ni ǹ bá tún sọ?

Ẹ̀bi Àlàájà kọ́. Ìlọrin tẹ́nu dùn ju iyọ̀ lọ, ẹnu náà ni wọ́n fi tọ́ etí wọn. Dàdàkúàdà tí Odòlayé Àrẹ̀mú àti Jáígbadé Àlàó fi lókìkí, ìlù àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Kò sí jìtá níbẹ̀, adùn rẹ̀ ò sì dín. Ẹni tó bá dàgbà sídìí irú orin bẹ́ẹ̀, ohun tó bá lanu ló máa ń rí. Báàsì ò lẹ́nu. Mo mọ ọ̀rẹ́ mi kan tó ta báàsì lẹ́yìn olórin kan títí irun fi funfun lórí àwọn méjèèjì. Olórin náà ò mọ orúkọ rẹ̀. “Báàsì” ló ń pè é, ó sì ti wọ ìyàwó ọ̀rẹ́ mi náà lẹ́nu.

Kì í kúkú ṣe Ìlọrin nìkan. Ẹ bi àwọn tó gbà pé àwọn mọ Fẹlá ju gbogbo wa lọ pé ta ló lu ìlù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ti dáhùn kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ tán: Tony Allen. Ẹ wá bi wọ́n pé ta ló ta báàsì inú Roforofo Fight lọ́dún 1972. Wọ́n á ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ káwọn jẹun. Maurice Ekpo ni. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, James Jamerson ló ta báàsì sínú àìmọye orin tí iléeṣẹ́ Motown fi dolówó láàárín àwọn ọdún 1960, ìka ìfábẹ̀là kan ṣoṣo ló sì fi ń ta á. Ìka tirẹ̀ ló sebẹ̀, àwọn mìíràn ló fá a. Wọn kì í kọ orúkọ rẹ̀ sára àwo, ó di 1971, nígbà tí Marvin Gaye ṣe What’s Going On, kí wọ́n tó kọ ọ́. Nígbà tí Motown wá ń ṣe àjọ̀dún ọdún 25 lọ́dún 1983, àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ṣe ló ra tíkẹ́ẹ̀tì wọlé, tó lọ jókòó sẹ́yìn lókè. Ọdún yẹn náà ló kú.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ọjà-Ọba, ẹ wá wo bí ọgbọ́n ṣe kúrò nínú ọ̀rọ̀ báàsì. Okùn tó nípọn jù lára jìtá mi ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohùn tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ara fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ ọ ṣáájú etí, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn rọra fi í fún ara. Ẹni tó ń náwó ò fẹ́ rọra. Ó háyà sípíkà tó ga ju ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ, ó to mẹ́fà sápá ọ̀tún, ó to mẹ́fà sápá òsì, ó wá ní kí ẹni tó ń darí ẹ̀rọ “fi báàsì sí i.” Kò pe oníbáàsì o. Ohun tó ń pè ní báàsì ni kí àyà máa gbọ̀n, kí ṣíbí máa jó nínú àwo, kí ìyá ọkọ máa di inú mú. Ọwọ́ òsì ẹni tó ń tẹ píánò sì ti tó fún ìyẹn: kó sáà fi ìka kan tẹ ibì kan mọ́lẹ̀ títí oúnjẹ á fi dé. Etí mi ló ṣe nígbà tí bàbá ìyàwó kan ń bá ọ̀gá wa dúnàádúrà. Ó ní kó yọ oníbáàsì kúrò kí owó lè wálẹ̀, ó ṣe tán, báàsì ti wà nínú sípíkà tóun háyà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń pa sípíkà náà lẹ́nu mọ́. Bí wọ́n bá ti pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà nítòsí ààfin Ẹ́míà, a ó dáwọ́ dúró, olórin á gbé máíìkì kalẹ̀, olówó á da owó rẹ̀ padà sápò. Oúnjẹ nìkan ni kì í dúró.

Ti fóònù ló tún ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹni tó fi sípíkà méjìlá mi ilé aládùúgbò lánàá, fóònù ló fi ń wo fídíò òde náà lónìí. Sípíkà inú fóònù kéré, kò lè mi afẹ́fẹ́ débi tí yóò gbé ohùn tó rẹlẹ̀ yẹn jáde. Àwọn ohùn tín-ín-rín tó gun orí rẹ̀ nìkan ló ń jáde, ọpọlọ ẹni tó ń gbọ́ ló wá ń fi ìsàlẹ̀ tó sọnù sí i. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé àwọn àgbà ò parọ́: ọ̀mọ̀ràn ṣì ń mọ̀ ọ́n, kódà níbi tí kò sí. Ní ti èmi fúnra mi, kámẹ́rà kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí ìgúnpá mi kan lẹ́yìn gèlè alága ìdúró.

Ó wá ku owó. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, ní abala 21, sọ pé ẹni tó bá ń ná náírà lé èèyàn lórí lóde, tàbí tó ń jó lórí rẹ̀, ti ṣẹ̀ sófin. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òwe lásán ni òfin yìí, ọ̀mọ̀ràn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó di oṣù Kẹrin ọdún 2024, EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn owó, gbé Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ìkànnì ayélujára, lọ sílé ẹjọ́ l’Ékòó lórí irú ẹ̀sùn yìí, ó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Látìgbà náà, olówó á kọ́kọ́ wọ̀tún wòsì kó tó gbésẹ̀ ijó.

Ṣé ẹ rò pé èyí á tún nǹkan ṣe fún oníbáàsì? Tẹ́lẹ̀, iwájú olórin lowó ń bọ́ sí. Àwa tá a wà lẹ́yìn dà bí ẹni tó di àkàbà mú fún akunlé. Ọ̀dà ò kàn wá, àfi èyí tó bá já lé wa lórí. Síbẹ̀, ó níjọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ igba náírà kan wá sídìí ẹsẹ̀ mi. Màá fi bàtà tẹ̀ ẹ́, màá máa ta báàsì mi lọ. (Ìyẹn náà, ẹ jọ̀ọ́, ó wà nínú abala 21.) Lóde òní, tiránsífà ni. Orí máíìkì ni olórin ti ń ka nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀, ó ń fi orin kà á, àwọn elégbè sì ń gbè é kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í tẹ̀. Afẹ́fẹ́ ò lè fẹ́ tiránsífà. Nígbà tí òde bá tú, ọ̀gá á ní ká fara balẹ̀, owó ò tíì wọlé. Owó tí gbogbo wa gbọ́ bó ṣe ń dún wọlé nínú fóònù rẹ̀ láàárín orin.

Àwa náà ò sì gbọ́n tán. Àwọn ọmọdé oníbáàsì ti rí i pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọ́n ra olókùn márùn-ún, wọ́n ra olókùn mẹ́fà (inú Àlàájà aláta á kúkú dùn), wọ́n ń sáré ìka lórí rẹ̀ láàárín oríkì olówó, wọ́n ń wá ẹni tí yóò yíjú sí wọn. Olórin ń ki, gángan ń ki, báàsì náà ń ki. Kò wá sẹ́ni tó ń la ọ̀nà fún ẹsẹ̀ mọ́. Mo ti rí agbo ijó tó dà rú báyìí, tónílé rò pé bàtà tuntun ló ń dun àwọn àlejò òun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òde lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Ẹ yọ mẹ́rin kúrò nínú sípíkà méjìlá, ẹ fowó rẹ̀ gba oníbáàsì. Kẹ́ ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ ní kí ọ̀gá eléré kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ àti iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gbà sínú ìwé, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i. Bó bá wá ku owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi yẹ́ni sí, ẹ fi sínú àpòòwé. Abala 21 ò bá àpòòwé jà. Oníbáàsì ń bẹ lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onílù. Ọwọ́ ara yín ni kẹ́ ẹ fi fún un. Ẹ má fi rán ọ̀gá.