GPS Ń Bẹ Nínú Ikùn Rẹ̀, Ó Ní Òun Kò Rí I

Ní ọdún 2006, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí mo mọ̀ ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èrò ní Peckham, ní London. Iwájú ọkọ̀ náà kún fọ́fọ́. Kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé GPS wà nínú rẹ̀. Torí GPS yẹn gan-an ló ṣe sanwó gegere. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àpótí dúdú kékeré kan tó ń ṣẹ́jú búlúù. GPS ni òun náà, ó ń fi Bluetooth bá ti àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wáyà méjì, ihò iná kan, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi pín ihò náà sí méjì. Mo bi í pé kí ni GPS ń fi GPS ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, software tó ń júwe ọ̀nà ló ní kò sí GPS nínú ẹ̀rọ yẹn. Mo bá ra òmíràn."

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ẹni tó ń wá nǹkan ni àgbà ń bá wí níbẹ̀, pé kó yẹ ara rẹ̀ wò kó tó di ẹrù. Ṣùgbọ́n àgbà kò sọ ohun tí ọmọ aráyé yóò ṣe bí ṣòkòtò fúnra rẹ̀ bá fi àáké kọ́rí pé òun kò ní àpò.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti dùn tó. Sátẹ́láìtì GPS wà lókè réré, ó tó kìlómítà 20,200 sí ilẹ̀. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló gbé e sọ́hùn-ún. Ní 1983, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì yìnbọn lu ọkọ̀ òfurufú Korea kan tó ṣìnà, tí èèyàn 269 sì kú, Ààrẹ Reagan kéde pé ará ìlú yóò rí i lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, Clinton ní kí wọ́n mú àṣìṣe tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ pò mọ́ ọn kúrò. Ológun, rọ́kẹ́ẹ̀tì, ààrẹ méjì, gbogbo wọn pawọ́ pọ̀ kí ohùn náà lè sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham. Ó ku ìbú àtàǹpàkò kan kó dé ọ̀dọ̀ software. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ohun tó pa á kò ju nọ́ḿbà lọ. GPS inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gba pọ́ọ̀tù kan sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pè ní COM, tí wọ́n sì fi nọ́ḿbà lé. Bí GPS bá ń sọ̀rọ̀ ní COM7, tí software ń tẹ́tí ní COM4, software á ní òun kò gbọ́ nǹkan kan, òdodo ló sì sọ. Bí pọ́ọ̀tù bá tiẹ̀ bára mu, ìyára lè máà bára mu: NMEA 0183, ìlànà tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ojú omi, fi bíìtì 4800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lélẹ̀, GPS mìíràn a sì máa sáré sọ tirẹ̀ ní 57600. Pọ́ọ̀tù kan kì í sì í gba ju software kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ni Microsoft rí tó fi yan alárinà sínú Windows Mobile 5.0, tó ń darí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ní 2005, GPS Intermediate Driver, pé kó gbọ́ tẹnu GPS, kó lọ rò ó fún gbogbo software tó bá fẹ́ gbọ́. Ó dáa. Àmọ́ irú alárinà wo ló jẹ́ pé ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ló máa júwe ilé ìyàwó fún un, ló máa júwe ilé ọkọ, ló tún máa sọ bí ìyàwó ṣe ń yára sọ̀rọ̀ tó?

Inú Settings ni wọ́n ti ń tò ó, lójú ewé kan tó ń jẹ́ GPS. Ibí yìí gan-an ló bí mi nínú. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, àwọn tó ṣe é fi ojú ewé yẹn pamọ́. Wọn kò gbàgbé rẹ̀ o, wọ́n fi í pamọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, àfi kó wọ inú registry lọ, níbi tí Windows ń to ètò rẹ̀ sí, kó pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ níbẹ̀. Ẹ gba owó GPS lọ́wọ́ èèyàn, ẹ fi í sínú àpò, ẹ wá rán ẹnu àpò náà pa. Kí là ń pe ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jà?

N kò tìtorí ìyẹn dá ọmọ Ìjẹ̀bú mi láre. Ìwé ìlànà ẹ̀rọ náà ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Àwọn agbani-nímọ̀ràn ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ọ̀kan ní kó pa á, kó tún un tàn. Òmíràn ní kó nu gbogbo inú rẹ̀ nù. Ó gbà, nọ́ḿbà àwọn àna rẹ̀ sì bá a lọ. Ẹ̀kẹta ní GPS ò rí ojú ọ̀run ni. Ìyẹn tilẹ̀ mọ nǹkan díẹ̀, torí GPS tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí a máa fẹ́ ìta gbangba, odidi almanac, ìwé ọ̀nà gbogbo sátẹ́láìtì, tí wọ́n ń kà sí i létí sì ń gba ìṣẹ́jú 12 ààbọ̀. Ni ọkùnrin tó lè bá onígààrì fà á nítorí pẹ́nsì mẹ́wàá bá dúró nínú òtútù oṣù kejì, ó fọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀rọ sókè ọ̀run, aládùúgbò rò pé àdúrà ló ń gbà. Software ṣì wà ní COM4 tó ń tẹ́tí. Ẹni tó ta GPS kejì fún un kò bi í pé kí ni àkọ́kọ́ ṣe. Ta ni yóò bi irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ léèrè?

COM ti kúrò lójú báyìí, alárinà ti bá Windows Mobile lọ. Láti ìgbà Android 6.0, tó dé ní 2015, app ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ olówó fóònù kó tó mọ ibi tó wà. Wọ́n tọrọ lọ́wọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú wa. Ó ní rárá, òun ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa ṣọ́ òun kiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló ya àwòrán àmàlà tó ń jẹ sí Facebook, ó kọ orúkọ búkà àti àdúgbò sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di alẹ́, ó pè mí pé máàpù kò mọ ibi tí òun wà. Mo ní kó wọ Settings, kó gbà fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti dá owó fóònù tuntun sílẹ̀ o. Wọ́n ní oríṣi GPS méjì ló wà nínú ìyẹn."