Ọ̀gbẹ́ni Mo-ti-wò-ó

Ẹ ti pàdé rẹ̀ rí. Bí kò bá sí ní ọ́fíìsì yín, á wà nínú ẹgbẹ́ Wasáàpù àwọn tí ẹ jọ jáde ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́ yín nídìí ìrẹsì níbi ìkómọjáde, ẹ ń sọ̀rọ̀ fíìmù Jagun Jagun, bí Fẹ́mi Adébáyọ̀ ṣe fi ìkà Ògúndìjì ṣeré, ni ẹnìkan á bá wúkọ́ lápá òsì. Á fi ìka nu epo kúrò létè, á ní, "Ìyẹn náà dáa o. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ wo Mami Wata?"

Ó mọ̀ pé ẹ ò wò ó. Ìdí tó fi béèrè nìyẹn.

Ká má purọ́, fíìmù náà tó fíìmù. C.J. Obasi ló darí rẹ̀. Dúdú àti funfun ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìtàn abúlé kan létí òkun tí wọ́n ń pè ní Iyi, níbi tí Mama Efe ti jẹ́ alágbàsọ fún òrìṣà omi, títí tí àwọn ará abúlé fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì sí agbára rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n ti yà á. Ọmọ Brazil kan, Lílis Soares, ló wà nídìí kámẹ́rà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì gba àmì-ẹ̀yẹ ní àjọ̀dún fíìmù Sundance ní January 2023. Ní September ọdún náà ló wọ sinimá ilé wa, òun sì ni Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí Oscar. Ọnà funfun tí wọ́n kùn sójú àwọn obìnrin inú rẹ̀ ń tàn lára awọ dúdú, owó ẹyọ ń bẹ nínú irun wọn, ìgbì òkun sì ń ru lóru débi pé èèyàn á fẹ́ ká ẹsẹ̀ sókè lórí àga. Èmi ò bá fíìmù jà. Ọ̀gbẹ́ni Mo-ti-wò-ó ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ, ẹni tó ń pe orúkọ Sundance bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ nílà.

Ọjọ́ tí fíìmù wọlé kọ́ ló lọ. Ó ní èrò lè pọ̀. Ó dúró títí ó fi gbọ́ pé wọ́n ti dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ẹni tó níṣẹ́ wà níbi iṣẹ́. Ìgbà yẹn lara rẹ̀ tó yá gágá. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé inú ń run òun. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú, ó wọ ṣòkòtò funfun, kó lè bá fíìmù mu, ó sì gba Ìkẹjà lọ.

Ó ya fọ́tò gúgúrú. Ó ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì, ó rí i dájú pé nọ́ńbà àga hàn. Nígbà tí wọ́n paná, kó tó gbójú sókè wo ohun tó tìtorí rẹ̀ parọ́ inú rírun, ó kọ́kọ́ ka orí àwọn tó wà ní ìjókòó. Wọn ò pé mẹ́wàá. Méjì nínú wọn, ọmọge kan àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, òkùnkùn àti ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n sanwó fún. Inú Ọ̀gbẹ́ni dùn, ó rọra na ẹsẹ̀. Nígbà tí òkun gbé Jasper, ọkùnrin àjèjì kan nínú ìtàn náà, sórí iyanrìn, orí fóònù lojú tirẹ̀ wà, ó ń tún ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kọ sábẹ́ fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì ṣe.

Ó délé, ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù.

"Màámi, irú èyí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ. Wíwò ni wọ́n ń wò ó."

"Mo gbọ́. Kí lo wá rí?"

"Àwọ̀, Màámi. Àwọ̀ yẹn!"

"Àwọ̀ wo? Ṣebí ìwọ lo ní dúdú àti funfun ni?"

Ó wọ yàrá lọ.

Àwọn òǹwòran àtijọ́ kò ṣe báyìí. Lọ́dún 1979, Hubert Ògúndé ṣe fíìmù Àìyé, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú. Bó bá ti kúrò ní ìlú yín, ó di ìgbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i lálẹ́ àkọ́kọ́ á ti jí gbogbo agboolé kí ilẹ̀ tó mọ́: ẹ tètè lọ, ẹ má jẹ́ kó kọjá yín! Á tiẹ̀ sọ ìtàn náà tán kí wọ́n tó débẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni tiwa kò sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé èrò òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ làwọn onísinimá ń wò, pé bí àga bá ṣófo, fíìmù òyìnbó tàbí ti aláwàdà ni yóò gba gbọ̀ngàn. Gbogbo ìgbà tí ẹnu rẹ̀ ì bá wúlò, ó pa á dé. Ọjọ́ tí wọ́n yọ fíìmù kúrò ló bọ́ sórí Wasáàpù: "Àánú ẹ̀yin tí ẹ ò rí i ṣe mí o." Bí ẹ bá ní ẹ máa dúró dìgbà tó bá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ á fà ro. Ó ní ìyẹn kì í ṣe wíwò.

Tíkẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Irú bébà yẹn kì í pẹ́ ṣá. Orúkọ fíìmù ti pa rẹ́ pátápátá, iye owó nìkan ló ṣì ń hàn fírífírí.

Bí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ bá tún wọ ìlú, ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ Jímọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ lọ, kí ẹ fa ẹlòmíràn dání. Ẹ má wulẹ̀ pe Ọ̀gbẹ́ni Mo-ti-wò-ó. Bó bá ti rí èrò lẹ́nu ọ̀nà, ilé ló máa padà sí.