Ẹ̀bù Túlípù

Bọ́ọ̀bù òdòdó 200, £15 péré. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn sára kátálọ́ọ̀gù tó já bọ́ láti inú ìwé ìròyìn ọjọ́ Sunday, nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn ní London tí èèyàn sì lè gba ohunkóhun gbọ́. Wọ́n ya àwòrán pápá túlípù pupa sábẹ́ rẹ̀, ó lọ salalu títí ó fi kan ojú sánmà. Irú èyí tí wọ́n máa ń yà ní Lisse ní ilẹ̀ Netherlands ni, níbi tí ọgbà Keukenhof ti ń gbin bọ́ọ̀bù bíi mílíọ̀nù méje lọ́dọọdún. Mo wo àwòrán yẹn, mo wo ẹ̀yìnkùlé wa ní Thamesmead, mo ní kò sí ìyàtọ̀ kan tí £15 kò lè mú kúrò.

Kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ Ìgbòho ni mí, ní Òkè Ògùn. Bàbá mi gbin iṣu, bàbá tó bí i náà gbin iṣu. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ọmọ oníṣu ní ohun tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ tó ń hù? Mo ní iṣu kékeré ni bọ́ọ̀bù, òyìnbó ló kàn sọ ọ́ lórúkọ mìíràn. Inú èrò kan ṣoṣo yìí ni gbogbo wàhálà mi ti jáde.

Kátálọ́ọ̀gù náà tún ní ẹ̀bùn ọ̀fẹ́: dáfódìlì 50, owó ìfiránṣẹ́ nìkan ni kí n san. Ìfiránṣẹ́ túlípù jẹ́ £6.99, ti ọ̀fẹ́ jẹ́ £4.99. Bí mo ṣe ń tẹ nọ́ńbà káàdì mi, £15 ti di £26.98, inú mi sì ń dùn pé mo rí ọjà pọ́ọ́kú.

Oṣù Kẹwàá ni páálí náà dé. Ó kéré débi pé mo rò pé ìwé ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, pé ọkọ̀ tó gbé ẹrù gan-an ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n gbogbo 200 wà níbẹ̀, wọ́n fún mọ́ra nínú àpò. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju orí àtàǹpàkò mi lọ. Lára àpò náà ni wọ́n kọ “8/9” sí.

Inú bí mi. Mo ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ló yẹ kí wọ́n ti gbìn ín, àwọn wọ̀nyí wá ń fi ránṣẹ́ lóṣù Kẹwàá! Mo pe ilé iṣẹ́ náà, mo dúró lórí fóònù títí mo fi mọ orin wọn kọ. Ọmọdébìnrin tó wá dá mi lóhùn fi sùúrù ṣàlàyé pé kì í ṣe ọjọ́, ìbàdí ni. Wọ́n máa ń wọn bọ́ọ̀bù yíká ni, sẹ̀ntímítà 8 sí 9 sì ni tèmi. Túlípù tó ti tó gbó máa ń jẹ́ 11, 12, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí túlípù ni ó ti ń bí ọmọ, ọmọ náà á sì lo ọdún mélòó kan nínú oko kí ìbàdí rẹ̀ tó tóbi tó láti tanná. Àgbẹ̀ tó bá ní sùúrù á dúró dè é, á tà á wọ́n. Èyí tí kò bá ní, á kó àwọn ọmọ náà pọ̀, á pè wọ́n ní àdàlù, á ta 200 ní £15 fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ọmọdébìnrin náà kò sọ èyí tó kẹ́yìn yìí o. Èmi ni mo fi kún un.

Ó tún ní kí n má gbin túlípù títí di oṣù Kọkànlá, nítorí àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní iná túlípù, tó ń ba ewé jẹ́ bí ẹni fi iná jó o, tí òtútù ilẹ̀ sì máa ń dín agbára rẹ̀ kù. Mo ní ó dára. Ibo ni kí n wá tọ́jú wọn sí títí di ìgbà náà? Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ sọ pé túlípù kì í tanná àfi tó bá kọ́kọ́ jìyà òtútù fún ọ̀sẹ̀ 12 sí 16. Òótọ́ ló sọ. Bí mo ṣe délé, mo kó túlípù sínú fìríìjì, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ápù ọmọ wa.

Ìyàwó mi ṣí fìríìjì, kò tì í.

“Bàbá Tómi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òtútù ìta London yìí kò tó wọn ni?”

Mo ní ohun tí èèyàn bá fẹ́ kó dájú, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi máa ṣọ́ ọ. Ápù tó ń pọ́n máa ń tú gáàsì kan jáde tí wọ́n ń pè ní ethylene. Imú wa kì í gbọ́ òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pa òdòdó tó wà nínú bọ́ọ̀bù. Yàrá kan náà ni mo ti kó àwọn méjèèjì sùn.

Ní ti dáfódìlì ọ̀fẹ́, agbọ̀n kan ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni mo dà á sí. Ní 2015, Public Health England kọ̀wé sí àwọn ilé ìtajà ńlá pé kí wọ́n gbé dáfódìlì jìnnà sí ibi tí wọ́n ń pàtẹ oúnjẹ sí, nítorí àwọn èèyàn ń ṣì í mú fún àlùbọ́sà, májèlé sì ni, èébì tó ń mú wá kì í ṣe kékeré. Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Tómi, ó mọ̀ nípa ìwé yẹn. Ọmọ àbúrò mi tó wá kí wa láti Leeds kò mọ̀. Ó ti bó méjì, ó ti fi ọ̀bẹ lé ẹ̀kẹta, epo ti ń gbóná lórí iná, kí ìyàwó mi tó wọlé. Ohun tó sọ kò ṣeé kọ síbí. Èyí tó kọ sára agbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà ṣeé kọ: KÌ Í ṢE ÀLÙBỌ́SÀ. BÀBÁ TÓMI LÓ RÀ Á.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan ẹ̀bù.

Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá ni. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, túlípù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. 200 ni wọ́n. Bí mo bá gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, 600 nìyẹn. Kí ló dé tí òyìnbó kò fi ronú kan èyí láti ọjọ́ yìí? Ẹyọ iṣu kan, àgbẹ̀ á rí ẹ̀bù mẹ́rin, márùn-ún gé nínú rẹ̀, nítorí pé ibikíbi lára èèpo iṣu ló ti lè hù. Mo pọ́n ọ̀bẹ.

Mo la àkọ́kọ́. Nǹkan kékeré kan wà láàárín gan-an, ó funfun, orí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Mo ní kòkòrò ti wọ̀ ọ́, mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ọ́. Mo la èkejì, kòkòrò. Ẹ̀kẹta, kòkòrò. Áà! Ọjà oníkòkòrò ni wọ́n tà fún mi! Mo ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kó wọn sínú ife, kí n lè rí ẹ̀rí fi han ọmọdébìnrin orí fóònù yẹn.

Òdòdó ni. Túlípù tó bá máa tanná kì í dúró dìgbà tí ẹ bá gbìn ín. Láti ìgbà ooru, nígbà tí bọ́ọ̀bù ṣì wà ní gbígbẹ nínú àká, ló ti ṣẹ̀dá òdòdó ọdún tó ń bọ̀ sínú ara rẹ̀, tewé-tewé. Ohun kan ṣoṣo tí mo sanwó fún ni mo ń yọ sínú ife. Àwọn amọṣẹ́ máa ń gé bọ́ọ̀bù dáfódìlì, kò burú, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ìlà tí wọ́n bá gé gbọ́dọ̀ ní díẹ̀ lára ìdí tí gbòǹgbò ti ń yọ, ọ̀bẹ wọn gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n á sì dúró fún ọdún mélòó kan kó tó tanná. Ọ̀bẹ tèmi, ìyẹn tí a fi ń gé ẹran ni.

Ẹ̀bù kì í wọlẹ̀ láìfi eérú ra á lójú, kó má bàa jẹrà. Mo wá eérú kan lọ sínú ààrò tí a fi sun ẹran nígbà ooru. Ọ̀rá ṣì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ London mọ òórùn ẹran dunjú, wọ́n sì wá lóru láti wá wò ó. Nígbà tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, nǹkan bí 150 ti di ẹ̀bù. Ìyókù ni mo rì ní odidi. Ọ̀lẹ ló gbà wọ́n là.

Ebè ni mo kọ, ebè gidi, ó tò lọ títí dé fẹ́ǹsì, mo sì rì dáfódìlì náà sí i. Màmá òyìnbó ilé kejì yọjú. Ó wo ebè, ó wo ọkọ́ ọwọ́ mi, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá ajá wa ló kú. Mo ní a kò ní ajá. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ebè mi díẹ̀. Ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n kọ́ Thamesmead lé lórí láti ìparí àwọn ọdún 1960, omi kì í tètè fà níbẹ̀, túlípù sì kórìíra kí ìdí rẹ̀ máa wà nínú omi. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún náà, ebè nìkan ló mọ́gbọ́n dání, òun náà sì ni gbogbo àdúgbò ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kàn. Ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú kì í ṣe onílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó o wá, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Henbury Park ní Cheshire ní 1876. N kò bá a jà nítorí ìyẹn, èmi náà bá àwọn kan nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀bù yẹ kó jìn sílẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta gíga rẹ̀, èmi sì fi iyẹ̀pẹ̀ bo tèmi fẹ́rẹ́. Kò fọwọ́ kan dáfódìlì rárá, nítorí ó mọ ohun tí ọmọ àbúrò mi kò mọ̀. Túlípù ló ń wú. Mo ra ata gígún ní Plumstead, mo wọ́n ọn sórí ebè; òjò rọ̀, ó fọ̀ ọ́ lọ. Mo tún wọ́n ọn, atẹ́gùn dá a padà sí mi lójú. Kí Kérésìmesì tó dé, owó ata ti ju owó túlípù lọ. Wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìyẹ ni àwọn ọlọ́gbọ́n ń tẹ́ sórí ilẹ̀, wọ́n kì í sì í rà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Dáfódìlì ọ̀fẹ́ tanná lóṣù Kẹta, gbogbo 47 tó kù, wọ́n sì dára, kí n má parọ́. Ní oṣù Kẹrin, ẹ̀bù kò hù, kan ṣoṣo kò hù. Àwọn tí mo rì ní odidi yọ ewé kọ̀ọ̀kan, ewé kan péré, nítorí bẹ́ẹ̀ ni túlípù tí kò tíì tó gbó ṣe máa ń ṣe. Àwọn tó tanná nínú wọn kò kún ọwọ́ kan, wọ́n kúrú, kò sì sí pupa níbẹ̀.

Mo sọ fún Ìyá Tómi pé ó ṣì sàn. Mo ní àwọn ará Haarlem, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1637, wọ́n ń fi owó tó lè ra ilé ná bọ́ọ̀bù túlípù kan ṣoṣo, kí ọjà tó dẹnu kọlẹ̀ nínú oṣù Kejì.

“Ṣé àwọn yẹn náà gé e ni?” ló bi mí.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni màmá ilé kejì pè mí sí fẹ́ǹsì. Láàárín koríko rẹ̀ tí ó máa ń gé dọ́gba, túlípù pupa kan dúró, ó ga, ó tóbi, ó jọ ti inú kátálọ́ọ̀gù gẹ́lẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló jí i lọ́dọ̀ mi, ó rì í síbẹ̀, ó gbàgbé rẹ̀. Màmá béèrè bóyá èmi ni mo gbìn ín fún òun láti fi ya òun lẹ́nu. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Tómi tó ń sá aṣọ lẹ́yìn mi wúkọ́.

Omi bọ́ lójú ìyá arúgbó náà. Ó wọlé, ó mú £20 jáde, ó ní kí n bá òun ra irú rẹ̀ gan-an, kí n sì bá òun gbìn ín nígbà tí àkókò bá tó. Mo ti wo iye tí wọ́n ń ta èyí tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 12. £20 kò tó. Mo ti fi £15 lé e lórí, n kò sì tíì sọ fún Ìyá Tómi.