Alága Sáà Tó Ń Bọ̀

Fáìlì búlúù tó máa ń wà lábẹ́ apá rẹ̀ lẹ ó fi dá a mọ̀. Bó bá wọ ọ́fíìsì, á gbé e lé orí tábìlì, á fi àtẹ́lẹwọ́ nà án bí ẹni ń na aṣọ òkè, kó tó wá kí àwọn tó bá níbẹ̀. Ètò sáà orin tó ń bọ̀ ló wà nínú fáìlì náà: ẹgbẹ́ olórin símfónì fún gbogbo agbègbè Borgou ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ibùjókòó rẹ̀ yóò wà ní Parakou, tí yóò ṣeré lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Òǹtẹ̀ mẹ́ta ló wà lójú ìwé kìíní. Àwòrán òun fúnra rẹ̀ nínú agbádá ló wà lójú ìwé kejì. Láti ojú ìwé kẹta títí dé ìkejìlá, ẹ wá orúkọ ẹnì kan tó ń lu nǹkan tàbí tó ń fọn nǹkan, ẹ ò ní rí i. Ọkùnrin yìí ni Alága Sáà Tó Ń Bọ̀. Àwọn èèyàn máa ń káàánú rẹ̀ pé ó ń ṣe wàhálà lọ́dọọdún, sáà náà ò sì dé. Èmi ò káàánú rẹ̀. Àìdé sáà náà ni ipò rẹ̀ dúró lé.

Ẹ wo bó ṣe pín owó, ẹ ó rí ẹ̀rí. Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ló kó èyí tó pọ̀ jù: báńnà gígùn, tíṣáàtì, aṣọ ẹgbẹ́jọdá, àtíbàbà, igba àga oníke tí wọn ó háyà, omi, mínírà, yàrá òtẹ́ẹ̀lì fún àlejò pàtàkì, owó epo fún awakọ̀ àlejò pàtàkì. Ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá ni “àwọn nǹkan mìíràn”. Ibẹ̀ ni àwọn olórin wà, àwọn àti bátìrì maikirofóònù. Ẹni tó bá ní àìmọ̀ ló fà á kò mọ Alága. Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, òun ni ọkọ ìyàwó: òun ló ń kí mẹ́yọ̀, òun ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn lọ́balọ́ba, òun ni àwọn oníròyìn ń na maikirofóònù sí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí orin bá dún ní tòótọ́, ẹlòmíràn tó mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ni yóò dúró síwájú àwọn olórin, tí yóò kẹ̀yìn sí gbogbo èèyàn ńlá inú gbọ̀ngàn, títí kan Alága, fún odidi wákàtí kan, tí wọn ó sì tún pàtẹ́wọ́ fún un. Ta ni yóò fi owó ara rẹ̀ háyà ẹni tí yóò kẹ̀yìn sí i?

Kò sì lè sọ pé ilẹ̀ Borgou ò mọ bí a ṣe ń kó ọ̀pọ̀ olórin jọ kí ohùn wọn ṣọ̀kan. Lọ́dọọdún ní Nikki, nígbà ọdún Gaani, àwọn afọnkàkàkí àti àwọn onílù ọba a péjọ, àwọn ẹlẹ́ṣin a sì tò bẹẹrẹ. Oṣù Máólúdì ló ń sọ ìgbà tó kàn. Ẹnikẹ́ni ò pín ìwé ètò sáà, síbẹ̀ afọnkàkàkí mọ ìgbà tó yẹ kó gbé ẹnu lé kàkàkí. Ní Parakou fúnra rẹ̀, Moussa Mama àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Orchestre Super Borgou de Parakou, fi gìtá kọ orin ní èdè Bàrùbá àti Dendi, wọ́n sì gbé e sínú àwo. Ilé-iṣẹ́ Analog Africa tó wà ní Jámánì ṣa àwọn orin wọn láti 1970 sí 1976 jọ, ó sì tún wọn gbé jáde ní 2012. Alága mọ̀ nípa èyí dáadáa. Ó ti kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà sí ìpínrọ̀ kìíní ìwé rẹ̀, lábẹ́ “ogún àwọn bàbá wa”. Ohun tí kò kọ síbẹ̀ ni pé wọ́n ta gìtá kí òkìkí wọn tó dé Jámánì.

Ẹnì kan á ní: ṣé kàkàkí àti gìtá nìkan ló tọ́ sí wa ni? Ṣé fáyólíìnì ti di èèwọ̀ Parakou? Kò di èèwọ̀ rárá. Fẹlá Sówándé, ọmọ tí wọ́n bí ní 1905, kọ orin símfónì láti fi sàmì òmìnira Nàìjíríà ní 1960, kò sì sẹ́ni tó ní ó wọ ẹ̀wù ẹlẹ́wù. Ìjà mi kò sí lórí símfónì. Ó wà lórí ohun tó yẹ kó ṣáájú. Ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ orin ni ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ orin tí wọ́n ń pè ní MUSON kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ní 1989. Ó di 2005 kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ símfónì sílẹ̀. Ọmọ tó kọ́ fáyólíìnì ló di ẹgbẹ́. Tí Alága bá ní kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹgbẹ́, òrùlé ló fẹ́ kàn kó tó mọ ògiri, ó sì ti ń gba àlejò sábẹ́ rẹ̀.

“Owó dà?” ni àtakò kejì, òun ló sì lágbára jù, nítorí fáyólíìnì kì í hù lóko iṣu. Kí á wo Kinshasa. Armand Diangienda, awakọ̀ òfuurufú tẹ́lẹ̀, dá ẹgbẹ́ símfónì ìjọ Kimbanguiste sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1994. Fáyólíìnì ò kárí. Bí ẹnì kan bá lò ó tán, á gbé e fún ẹlòmíràn kóun náà fi kọ́ṣẹ́. Bí okùn bá já, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń so sí i. Nígbà tó di 2010, fíìmù ti jáde nípa wọn. Owó ṣe pàtàkì, àmọ́ ẹnu iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ló máa ń bá èèyàn. Owó tí Alága bá rí, orí báńnà ló ń lọ.

Àwọn aláàánú á ní, ó sàn kí èèyàn gbìyànjú ju kó káwọ́ gbera lọ. Lójú tèmi, ẹni tó káwọ́ gbera fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Alága ti jókòó sí àyè náà. Bí olùdarí akọrin kan tó ní ogún ọmọ tó mọ orin ín kà bá lọ tọrọ gbọ̀ngàn, wọn á bi í pé: “Àbúrò, ṣé o ò mọ̀ pé Alága ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ orin ni?” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pin sí.

Nítorí náà, bó bá gbé fáìlì búlúù dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má bú u, àgbà ni. Ẹ kí i, ẹ fún un lómi, kí ẹ wá bi í pé: “Alàgbà, lọ́sàn-án Túsìdeè, yàrá wo ni wọ́n ti ń dánra wò, ọwọ́ ta sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà?” Bó bá dárúkọ onítọ̀hún, ẹ fún un ní gbogbo ohun tó béèrè, títí kan owó àga. Bó bá dáhùn pé báńnà lòun ṣì ń bá yí lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ bá a gbé fáìlì náà dé ẹnu ọ̀nà.